Èérún fàdákà tí wọ́n fi ewé ṣe, fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já: ewé ló ń ṣiṣẹ́ ni, àbí fàdákà?

Ìbéèrè

Àbúrò mi obìnrin ń ṣe ọdún àṣekágbá ní yunifásítì níbí ní Ìbàdàn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí àyà rẹ̀ ti ń já láìsí ohun tó dẹ́rù bà á. Oorun kì í kùn ún lóru, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa gbọ̀n bí olùkọ́ bá ti pe orúkọ rẹ̀. Dókítà kọ oògùn oníhóró kan fún un, sertraline, ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́fà, ó ní òun kò rí ìyàtọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á kí ó má di bárakú. Ẹnìkan ní Ìwó Road wá ta ìgò kékeré kan fún wa ní ₦18,000. Ó ní "náánò fàdákà" ni, pé ewé ni wọ́n fi ṣe é, pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń wo àníyàn, àti pé kò léwu nítorí ewé ni. Ó tan iná lísà pupa sí ìgò náà lójú wa, ìlà iná náà sì hàn gbangba nínú omi rẹ̀. Ó ní ẹ̀rí nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí ẹ̀yin aláṣọ funfun kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ewé sétí?

* * *

Èsì kìíní

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kánjú: ẹ má jẹ́ kí ó mu ún. Kì í ṣe pé mo kórìíra ewé. Ilé alágbo ni wọ́n bí mi sí lẹ́yìn ọjà Bódè, àgbo ni wọ́n fi wẹ̀ mí dàgbà, mo sì fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ nínú láàbù yunifásítì kan tí a ti ń ṣe irú èérún yìí gan-an. Ohun tí wọ́n tà fún yín kì í ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí lé lórí, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. Èyí tí wọ́n sì ṣe ìwádìí lé lórí náà kò tíì kọjá ara èkúté.

Náánòmítà kan ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà. Irun orí ẹyọ kan nípọn tó nǹkan bí 80,000 náánòmítà, ṣùgbọ́n èérún tí à ń sọ yìí kì í ju 1 sí 100 lọ. Ṣíṣe é kò le, ìyẹn ló sì fi rọrùn láti fi tan ènìyàn. A ó já ewé, a ó ṣàn án, a ó sá a níbòji títí yóò fi gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sì sẹ́ ẹ. Omi ewé yìí ni a ó wá máa da díẹ̀díẹ̀ sínú omi tí a ti po iyọ̀ fàdákà kan mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní silver nitrate. Bí ó bá ń lọ bó ṣe yẹ, àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú ẹni: láti àwọ̀ tíì tí kò ro, sí àwọ̀ ilẹ̀, títí yóò fi ṣú bí àgbo jẹ̀dí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá wò ó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi náà nìyí. Àwọn èròjà inú ewé, ní pàtàkì àwọn polyphenol tó ń jẹ́ kí ewé há ní ẹnu, máa ń fún fàdákà tó ti yọ́ ní electron (ohun bíńtín tó gbé agbára iná dání), fàdákà náà á sì padà di líle, á ṣù jọ ní èérún-èérún. Èròjà ewé kan náà á tún bo èérún kọ̀ọ̀kan lára, bí ewé ṣe ń bo ẹ̀kọ, kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí a bá gbé omi náà sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, yóò gbé ìmọ́lẹ̀ mì jù lọ ní agbègbè 400 sí 450 náánòmítà, ìyẹn la fi ń mọ̀ pé fàdákà náà ti di èérún.

Nítorí náà, bí ẹni tó tà á fún yín kò bá tilẹ̀ purọ́ rárá, ohun mẹ́ta ló wà nínú ìgò yẹn: èérún fàdákà, omi ewé, àti iyọ̀ fàdákà tí kò tíì yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo ń padà bọ̀.

* * *

Èsì kejì: "ìwádìí wà"

Àwọn mẹ́ta ti sọ èyí lẹ́yìn mi, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi ìbínú sọ ọ́. Òótọ́ ni, ìwádìí wà. Àwọn onímọ̀ ti fi ewé ṣe èérún fàdákà, ti wúrà, ti síńkì ọ́kísáìdì àti ti sẹ̀lẹ́níọ̀mù (tí kì í tilẹ̀ ṣe mẹ́tàlì délẹ̀délẹ̀), wọ́n ti fún èkúté mu, àwọn kan sì kọ̀wé pé ìpayà àwọn èkúté náà dín kù. Ìdí tí wọ́n fi ń retí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdí àwàdà. Àwọn èròjà kan nínú ewé máa ń fara kan ẹnu ọ̀nà kan náà tí diazepam, oògùn tí wọ́n fi ń mú ọkàn balẹ̀, ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní GABA, tó máa ń mú kí iṣan ọpọlọ rọra. Odi kan sì wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tó dà bí oníbodè, tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oògùn wọlé; ìrètí wọn ni pé èérún tó kéré tó bẹ́ẹ̀ yóò lè gbé èròjà ewé kọjá níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọkàn èkúté balẹ̀? Wọn kì í bi í. Wọ́n máa ń kan pákó mẹ́rin pọ̀ bí àgbélébùú, wọ́n á gbé e sókè tó nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà. Apá méjì nínú rẹ̀ ní ògiri, apá méjì yòókù wà gbalasa láìní ohunkóhun tí èkúté lè fẹ̀gbẹ́ tì. Èkúté fẹ́ràn kọ̀rọ̀, ó sì ń bẹ̀rù gbalasa, ṣùgbọ́n ó tún máa ń fẹ́ yọjú wo ibi tí kò mọ̀. Wọ́n á gbé e sí àárín fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á ka iye ìgbà tó jáde sí gbalasa àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Wọ́n á fún àwọn kan ní omi lásán, àwọn kan ní diazepam, àwọn kan ní ohun tí wọ́n ń dán wò, wọ́n á sì fi wọ́n wé ara wọn.

Ìgbà kan wà tí a fi efinrin ṣe èérún fàdákà, tí èsì rẹ̀ dára débi pé ọ̀gá wa ra míńírà fún gbogbo láàbù. Àwọn èkúté tó mu ún pẹ́ ní gbalasa ju àwọn tó mu diazepam lọ. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní kí a tún fídíò náà wò. Ohun tí a rí dójú tì wá. Èkúté mẹ́ta nínú mẹ́jọ ti rọra wọ́ dé gbalasa, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de Micra ní Mókọ́lá nígbà tí epo bẹntiróòlù ti wọ́n, wọn ò wo iwájú, wọn ò wo ẹ̀yìn. Nígbà tí a gbé wọn sínú àpótí gbalasa kan láti wọn bí wọ́n ṣe ń rìn tó, wọn kò rìn dé ìdajì ibi tí àwọn tó mu omi lásán rìn dé. Kì í ṣe pé ẹ̀rù kò bà wọ́n mọ́, àìsàn ló dá wọn gúnlẹ̀. Iṣẹ́ oṣù méjì lọ. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè ka ìròyìn kankan pé nǹkan "mú ọkàn èkúté balẹ̀" láì kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti kọ bí èkúté náà ṣe rìn sí.

* * *

Èsì kẹta

Ìyá kan kọ̀wé láti Ọ̀jọ́ọ̀ pé bí èkúté bá ti sàn, kí ni a tún ń wá, pé ewé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá, ìbéèrè yín gan-an ni ìbéèrè mi. Bí ẹnìkan bá mu àgbo tí wọ́n fi ọtí ṣe, tí ara rẹ̀ yá gágá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ewé ló mú ara rẹ̀ yá ni, àbí ọtí? A kò lè mọ̀, àyàfi bí a bá fún ẹlòmíràn ní ewé nìkan, tí a fún ẹnìkan ní ọtí nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni èérún yìí rí. Ó yẹ kí àgò èkúté kan wà tó ń mu omi ewé nìkan, kí òmíràn máa mu iyọ̀ fàdákà tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí òmíràn máa mu èérún fàdákà tí wọn kò fi ewé ṣe, kí òmíràn wá máa mu èérún tí wọ́n fi ewé ṣe. Ọ̀pọ̀ ìwé tí mo kà kò ní ju méjì nínú mẹ́rin yìí lọ. Bí omi efinrin nìkan bá ṣe dáadáa tó èyí tí wọ́n fi fàdákà sí, kí ni fàdákà wá ṣe níbẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ kí wọ́n lè tà á ní ₦18,000? Efinrin kò ju igba náírà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún.

Ohun kejì tó ń dà mí láàmú ni pé ewé tí a já nígbà òjò kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ewé tí a já nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Alágbo gidi mọ èyí ju wá lọ. Ìyá mi kì í já ewé kan lẹ́yìn tí oòrùn bá ti ga. Bí èròjà ewé bá ti yí, èérún tí yóò bí yóò yí pẹ̀lú, ní títóbi àti ní ìrísí. Oògùn tí a fẹ́ fún ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun kan náà ní oṣù Kíní àti ní oṣù Kẹjọ.

* * *

Èsì kẹrin: "àwọn baba wa ń wo wèrè kí òyìnbó tó dé"

Bàbá tó kọ èyí, ẹ kò parọ́. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àrọ̀, l'Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jìnnà. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó sì bá àwọn oníṣègùn náà ṣiṣẹ́ pọ̀. Òun kan náà ló wá di olórí Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà, kò sì sí ẹni tó lè pe Lambo ní ẹni tó kórìíra ewé.

Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ. Igi tó ń so fún ẹyẹ jẹ, tí àwọn bàbá wa ń lo egbò rẹ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ìbátan rẹ̀ ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti yọ reserpine jáde ní ọdún 1952, èròjà náà sì wà nínú tiwa pẹ̀lú. Ó ṣiṣẹ́ gidi: ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, ó sì ń mú ẹni tó ń ṣe wèrè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ẹni náà á wálẹ̀ débi tí òòyì á fi máa kọ́ ọ, ó sì lè kó ìbànújẹ́ ọkàn bá àwọn kan. Ohun tó jẹ́ ká mọ gbogbo èyí ni pé wọ́n yọ èròjà kan ṣoṣo jáde, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá ti fi fàdákà lú u ni, a ò bá ṣì máa jà lórí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn títí di òní.

* * *

Èsì karùn-ún: fàdákà nínú ara

"Fàdákà kò ṣe nǹkan, wọ́n ń fi í sí ojú ọgbẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń fi í sí ojú ọgbẹ́. Ìpara fàdákà tí wọ́n ń fi ra ojú ibi tí iná jó wà ní ilé ìwòsàn káàkiri, nítorí fàdákà ń pa kòkòrò. Ìta ara nìyẹn. Ẹni tí ń mu omi fàdákà fún oṣù tàbí ọdún lè rí i pé awọ ara òun ń di àwọ̀ eérú tó pọ́n sí búlúù, ní ojú, ní èékánná, àní ní ẹyinjú pàápàá, àwọ̀ náà kì í sì í ṣí kúrò mọ́. Argyria ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti ṣe àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣe omi fàdákà mu nílé ara wọn. Láti ọdún 1999 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn níbẹ̀, FDA, ti sọ pé omi fàdákà tí wọ́n ń tà lórí àtẹ kò ní ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́ tàbí pé kò léwu.

Ẹni tó tà á fún yín tún ní ó kéré débi pé ó ń wọ ọpọlọ. Mo fẹ́ kí ẹ tún gbólóhùn yẹn gbọ́ dáadáa. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú eku ńlá, wọ́n fún wọn ní èérún fàdákà mu fún ìgbà díẹ̀, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì ń wò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Fàdákà náà ń jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú, ṣùgbọ́n nínú ọpọlọ àti nínú kórópọ̀n, ó jókòó síbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kó wọ ọpọlọ lọ tún ara ṣe ni ó wọ̀ ọ́ tí kò sì fẹ́ jáde. Mi ò mọ bí ẹnìkan ṣe lè fi ìyẹn polówó ọjà.

Síńkì kò burú tó fàdákà, nítorí ara nílò síńkì, ikùn sì máa ń yọ́ èérún rẹ̀ di síńkì lásán. Ṣùgbọ́n bó bá ti di síńkì lásán, kí ni a ń pè é ní náánò fún?

* * *

Èsì kẹfà, ṣókí

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní Mọníyà ní òun ti ra silver nitrate, òun fi omi kànga àti ewé mòríńgà ṣe tòun, ó funfun, kò dúdú, kí ló dé.

Àbúrò, omi kànga rẹ ló fa á. Iyọ̀ wà nínú omi kànga àti omi ẹ̀rọ wa, chloride inú rẹ̀ ló sì so mọ́ fàdákà tó di ẹfun. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, iná kò sí fún ọjọ́ mẹ́rin, omi aláìníyọ̀ (distilled water) tí a ń sè fún láàbù tán, ẹnìkan nínú wa rọra bu omi ẹ̀rọ sí i láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó funfun bí ògì tútù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi ń bú ewé tí kò ṣẹ̀ wá. Wo ìka rẹ náà: bí ó bá ti dúdú bí ẹni tó lé làálì, silver nitrate ló ta sí ọ lára, fífọ̀ kò lè mú un kúrò, àfi kí awọ náà bó fúnra rẹ̀. Da ohun tí o ṣe yẹn sínú ìgò, dé e, má sì tọ́ ọ wò.

* * *

Èsì keje

Ẹnìkan láti Ògbómọ̀ṣọ́ bínú pé mo ń tàbùkù àwọn onímọ̀ wa. Rárá o. Àwọn ará yunifásítì LAUTECH tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náánò lọ́dọ̀ yín wà lára àwọn tó jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Wọ́n fi èèpo kókó, èèpo obì, àní òwú aláǹtakùn pàápàá ṣe èérún fàdákà, wọ́n sì fi pa kòkòrò àrùn. Èèpo kókó tí àgbẹ̀ ń dà sí ìdí igi kó jẹrà, wọ́n sọ ọ́ di ohun tó wúlò. Ta ni kò ní yin irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n pípa kòkòrò nínú abọ́ gíláàsì yàtọ̀ sí títún ọkàn ènìyàn ṣe. Kòkòrò kò ní ẹ̀dọ̀, kò ní ọmọ tí yóò bí lọ́la. Láti inú abọ́ dé ara èkúté jìn, láti ara èkúté dé ara ènìyàn tún jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí èérún mẹ́tàlì oníewé kankan tí àjọ oògùn orílẹ̀-èdè kan ti fi ọwọ́ sí fún àníyàn. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra náánò: láti ọdún 2009 ni FDA ti fọwọ́ sí ferumoxytol, èérún irin tí wọ́n ń fún ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ tó lára nítorí àrùn kíndìnrín. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò lára ènìyàn, wọ́n sì kọ ewu rẹ̀ sára páálí. Mo bẹ̀ yín, ẹ wo ara ìgò tiyín. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí ẹni tó ṣe é ń sọ wò, ẹ má rò pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi gbólóhùn yẹn ṣe.

* * *

Èsì kẹjọ: oògùn àbúrò yín

A ti ń sọ̀rọ̀ èkúté títí, a fẹ́ẹ̀ gbàgbé ọmọ náà.

Ọjọ́ mẹ́fà kò tó fún sertraline. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ló máa ń gbà kí ènìyàn tó mọ̀ pé nǹkan ti yí, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ó sì lè mú kí àyà já sí i, kí inú máa ru. Àwọn tó ń ta oògùn kì í sọ èyí fún ènìyàn, ọ̀pọ̀ dókítà tí èrò tò sí iwájú wọn láti Àgọ́díì dé Mókọ́lá pàápàá kì í ráyè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ bárakú tí ó ń bẹ̀rù, àwọn bíi diazepam àti Lexotan ni ọ̀rọ̀ náà bá mu: wọ́n ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan, ara sì tètè ń mọ̀ wọ́n. Diazepam ti wà lórí àtẹ láti ọdún 1963, ó sì pẹ́ kí àwọn dókítà tó gbà pé ó nira láti fi sílẹ̀. Sertraline kì í ṣe ẹbí wọn. Bó ti wù kó rí, kò gbọ́dọ̀ kàn dá a dúró lójijì, dókítà ni yóò máa dín in kù fún un. Nítorí pé ọ̀dọ́ ni, bí ó bá sọ fún yín pé ayé sú òun tàbí pé òun ń ronú àtipa ara òun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo tún fẹ́ bi yín: ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid (èyí tó ń wú di gẹ̀gẹ̀), bó bá ń ṣiṣẹ́ jù, máa ń mú kí àyà já, kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ènìyàn máa làágùn, kí oorun sá, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú kí àyà máa sáré. Ẹ tún bi í léèrè iye ìgò ohun mímu amárayá tó ń mu láti fi kàwé lóru. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan mu mẹ́rin lójúmọ́ fún oṣù kan, gbogbo wa ti ń wá ẹni tó fi í ṣe ayé.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìgò kankan. Ìtọ́jú àfẹnusọ, níbi tí onímọ̀ kan yóò ti jókòó tì í tí yóò sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀rí lára ènìyàn, kì í ṣe lára èkúté. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn. Ìjókòó níbẹ̀ pẹ́, mi ò ní tàn yín. Mo ti fi agogo méje òwúrọ̀ jókòó síbẹ̀ rí, wọ́n pè mí wọlé ní agogo kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ó rò pé òun nìkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé 301 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní àrùn àníyàn ní ọdún 2019, àwọn tó sì ń rí ìtọ́jú kò ju bí ẹnìkan nínú mẹ́rin lọ.

* * *

Èsì kẹsàn-án: iná lísà

Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti gbé ìgò náà wá fún mi ní Sángo, a sì ti ṣe ohun tí mo ní kí a ṣe. Wọ́n ti mú iná lọ, ilé ṣókùnkùn dáadáa, èyí tó dára fún iṣẹ́ wa. Mo to ife gíláàsì márùn-ún sórí tábìlì: omi inú ọ̀rá, omikan ògì, omi tí mo kán mílíìkì sí, àgbo ibà tí mo rà ní Bódè lówùúrọ̀, àti díẹ̀ nínú ìgò ₦18,000. Mo tan iná lísà ọmọdé tí mo rà ní ₦500 sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú omi inú ọ̀rá, a kò rí nǹkan kan. Nínú omikan, ìlà pupa kan gba inú ife náà kọjá, ó mọ́ kedere. Nínú mílíìkì, bẹ́ẹ̀. Nínú àgbo ibà, bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣú. Nínú ìgò náà, bẹ́ẹ̀.

Ohunkóhun tí èérún kéékèèké bá ti ń léfòó nínú rẹ̀ ni yóò fọ́n iná ká tí ojú yóò sì rí i. Iná náà kò mọ fàdákà yàtọ̀ sí ògì. Kò sì lè sọ bí fàdákà náà ti pọ̀ tó, bí èérún rẹ̀ ti tóbi tó, tàbí bóyá iyọ̀ fàdákà ṣì kù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó wá dákẹ́, ó ní òun ti rò pé ẹ̀rọ ńlá kan ni.

Àwọn tó ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé: ọmọ náà ti padà sí ìdí sertraline rẹ̀, ó ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ohun tó ṣe thyroid rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, wọ́n sì ti ń tọ́jú ìyẹn. Ó ń sùn dé nǹkan bí agogo mẹ́rin ìdájí báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ nínú kíláàsì.

Ẹni tó ta ìgò kò gbé fóònù mọ́. Mo gbé ìyókù ìgò náà sórí fìríìjì, mi ò fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí mo gbé e wá sí ojú fèrèsé lánàá, ohun dúdú kan ti ṣù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí èédú tí wọ́n lọ̀, omi òkè rẹ̀ sì ti mọ́ gaara. Mo tan iná lísà sí òkè yẹn. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́.